Èsì sí Ìyá Kan tí ó Béèrè nípa Ẹ̀kọ́ Pilates

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ti ń ka ìwé ìròhìn wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń múra láti lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ yìí mọ̀ pé ẹ̀yìn a máa dun ìyá òun. Nítorí náà ni ó ṣe kọ̀wé sílé pé bí ìyá bá dé, àwọn yóò jọ máa lọ sí ibi tí a ti ń kọ́ni ní ìdárayá tí à ń pè ní Pilates. Ó sì to oríṣi kíláàsì mẹ́rin sínú ìwé náà, pé kí ìyá yan èyí tí ó bá wù ú. Ohun méjì ni ìyá ń bi wá: ǹjẹ́ nǹkan yìí kì í ṣe ìsìn àjèjì? Bí kì í bá sì í ṣe bẹ́ẹ̀, èwo nínú mẹ́rin ni kí òun mú? Ìyá yìí nìkan kọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń pè sí irú rẹ̀, a sì ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Èkó pàápàá. Nítorí náà ni a ṣe ń dáhùn ní gbangba.

Ti èkíní kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ ènìyàn ni Pilates, kò sì sí ohun tí ó kàn án kan Pọ́ńtíù Pílátù inú Ìwé Mímọ́. Joseph Pilates ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ará Jámánì, tí a bí ní ọdún 1883. Ọmọ aláìlera ni ní kékeré rẹ̀, ásímà sì ń dà á láàmú, èyí ni ó mú kí ó fi tọkàntọkàn wá ọ̀nà láti mú ara rẹ̀ le. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nígbà tí ogun 1914 bẹ́ sílẹ̀. Nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá ni, a sé e mọ́ àgọ́ ní erékùṣù Man, níbi tí ó ti ń bá ìdárayá rẹ̀ lọ. Ní 1926 ó kọjá sí New York, òun àti Clara sì ṣí ilé ìdárayá kan níbẹ̀, tí àwọn oníjó ìlú náà ń lọ fún ìtọ́jú ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe iṣẹ́ náà. Contrology ni ó pè é, ìtumọ̀ èyí tí ó súnmọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó kú ní 1967. A kò rí ẹbọ tàbí ìforíbalẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Lórí èkejì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà wa gbàgbọ́ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá a pé Pilates ti di orúkọ ọ̀nà ìdárayá kan, pé kò sí ẹni tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà àti ẹni tí ó fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ ọ lè kọ orúkọ kan náà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Nítorí náà, àkọlé kò tó.

Èkíní nínú mẹ́rin náà ni ti orí ẹní. Ẹní kan péré ni a ń lò, ìwọ̀n ara ẹni sì ni ẹrù tí à ń gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí ni ti ọmọdé, àti pé ti ẹ̀rọ ni ti àwọn tí ó ti gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí a ń pè ní Ọgọ́rùn-ún: ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, yóò gbé orí àti ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, yóò sì máa ju ọwọ́ sókè sílẹ̀ títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún, tí yóò máa fa èémí sínú fún ìkà márùn-ún, tí yóò sì máa tú u jáde fún ìkà márùn-ún. Gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọ̀nyí, iṣan ara ẹni nìkan ni ó gbé e dúró, kò sí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá tíì lágbára, ọrùn àti ìbàdí rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Èkejì ni ti ẹ̀rọ tí à ń pè ní reformer. Ó dà bí ibùsùn tóóró tí pẹpẹ kan ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Sípíríǹgì ni ó so pẹpẹ náà mọ́ ìdí ibùsùn, okùn sì wà tí a ń ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ènìyàn ti dùbúlẹ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, pẹpẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, nítorí náà ara olùbẹ̀rẹ̀ lè tètè gba èyí ju ti ẹní lọ. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì fífúyẹ́ kì í ṣe ìrọ̀rùn nígbà gbogbo: nínú àwọn ìdárayá kan, bí ó bá ti fúyẹ́ tó ni pẹpẹ ṣe ń yọ̀ tó, tí ara sì ń jìjàkadì láti dá a dúró. Àwọn kíláàsì reformer kan wà tí orin ń dún kíkan, tí a ń yára, tí olùkọ́ kan sì ń bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Àwa kò ní rán ìyá wa lọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ń tẹ̀lé ìlànà Joseph Pilates bí ó ti tò ó, bí irú èyí tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1945, tí ìdárayá 34 wà nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí olùtọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn ń darí, fún ènìyàn kan tàbí díẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, ni ìyá ti kọ ọ́ pé dókítà sọ fún òun ní ọdún tí ó kọjá pé eegun òun ti ń fúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ka gbólóhùn yìí. Ìyá wa ọ̀wọ́n, òun ni ó yẹ kí ó wà ní orí ìwé yín. Eegun ẹ̀yìn tí ó ti fúyẹ́ báyìí lè fọ́ láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú, bí a bá ń ká ẹ̀yìn síwájú léraléra tàbí pẹ̀lú agbára. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àwọn ìdárayá orí ẹní tí a mọ̀ jùlọ ni dídìde láti ìdùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn kíká, àti yíyí bíi bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe é, bí gbogbo kíláàsì tilẹ̀ ń ṣe é. Àwọn tí ń na ẹ̀yìn, tí ń fún ìbàdí àti ẹsẹ̀ ní agbára, ni ti yín.

Ẹ̀kẹrin ni àwa yóò yàn fún yín, ó kéré tán ní ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti àwọn yòókù lọ. (Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ fún yín ní ẹ̀bùn, ibí ni kí ó ná an sí.) Kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà han dókítà yín. Lẹ́yìn náà ẹ lè bọ́ sí kíláàsì olùbẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Kí ọmọ yín bi olùkọ́ níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́ àti bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀, àti ohun tí yóò fi rọ́pò kíká ẹ̀yìn fún ẹni tí eegun rẹ̀ fúyẹ́. Olùkọ́ tí kò bi yín ní ohunkóhun nípa ìlera yín kí ó tó ní kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé. Àárẹ̀ iṣan kì í ṣe ibi; ṣùgbọ́n bí ìrora bá gún yín lójijì, tàbí tí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, ẹ dúró lójú kan náà.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò tí kò fún púpọ̀ àti ẹ̀wù tí kò ní ṣubú bo ojú bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè tó. A kì í wọ bàtà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra ìbọ̀sẹ̀ tí ó ní rọ́bà ní àtẹ́lẹsẹ̀ fún yín, kí pẹpẹ má baà yọ̀ yín nù.