Ẹni Tó Gbé Àwo Kọ́ Ló Dáná

Ẹni tó bá mọ ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas yóò gbà pé oúnjẹ ilé kò wọ́n níbẹ̀. Ní àdúgbò Bissonnet, ènìyàn lè jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò kí ó gbàgbé pé Amẹ́ríkà ni òun wà. Síbẹ̀, nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbẹ̀, tí wọ́n bi ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́jọ léèrè ibi tí a ó ti jẹun lálẹ́ Sátidé, ẹnu wọn kò tíì pa dé tí ọmọ náà fi dáhùn pé, "Oúnjẹ Mẹ́síkò!" Àwa márùn-ún la wọ ọkọ̀: ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ wọn tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ọmọ wọn, àbúrò Bọ̀dá tó wà ní yunifásítì, àti èmi.

Ilé oúnjẹ náà kì í ṣe ibi tí à ń tìtorí rẹ̀ wọ kóòtù. Àga onígi ni wọ́n tò síbẹ̀, orin ń dún, àwọn ọmọdé ń pariwo. Búkà tó gbayì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó béèrè ohunkóhun, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ti gbé agbọ̀n kékeré kan kalẹ̀. Tortilla àgbàdo tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì dín nínú òróró ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ salsa, ìyẹn tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá tán, wọn a tún bù sí i. Ní ọjà tiwa, ẹ̀yìn tí a bá ti wọn gààrí tán ni ènì ń dé. Níbí, ènì ló ṣáájú ọjà.

Bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni mo ń rántí ẹ̀kọ. Àwa a máa rẹ àgbàdo sínú omi títí yóò fi kan, kí a tó lọ̀ ọ́, kí a sì sẹ́ ẹ. Àwọn ará Mẹ́síkò a máa se tiwọn nínú omi tí wọ́n po ẹfun òkúta sísun sí, títí èèpo rẹ̀ yóò fi bó, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì yan án lórí irin gbígbóná. Ìyẹn ni tortilla. Ọ̀dọ̀ wọn ni àgbàdo ti ṣẹ̀ kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni ata ti wá. Habanero tí wọ́n ń lò, ẹ̀yà kan náà ni òun àti ata rodo wa. Bọ̀dá tọ́ ọbẹ̀ habanero wò, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí ẹnu ń fẹ́."

Fajita la béèrè fún, ẹran tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dé lórí irin gbígbóná, tí yóò máa ta pàràpàrà bí wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Houston gan-an wà lára ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní ọdún 1973, Ninfa Laurenzo, opó tó ní ọmọ márùn-ún, tẹ́ tábìlì mẹ́wàá sí iwájú ilé iṣẹ́ tortilla rẹ̀ ní òpópónà Navigation, ó sì ń ta ẹran yíyan tí a dì sínú tortilla. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti kọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ṣeré: edé kì í bá ọmọ wọn lára mu. Bí ó bá kàn án lẹ́nu, ètè rẹ̀ a wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a sì máa fún. Wọ́n sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà kí a tó béèrè oúnjẹ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, ọmọ náà ti na ọwọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Lábẹ́ àlùbọ́sà, edé mẹ́ta ni mo fojú ara mi rí.

Ìdákẹ́jẹ́ bo tábìlì wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà sáré dé, ó wo àwo, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ìwé rẹ̀ hàn wá: "kò gbọdọ̀ sí edé," ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Mo kọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Máníjà wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà kí wọ́n kàn ṣa edé kúrò. Wọ́n ní kí wọ́n se òmíràn nínú irin tó mọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ owó àwo náà kúrò nínú ìwé owó wa.

Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé owó dé. Bọ̀dá ní àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ ní owó ọpẹ́. Àbúrò wọn, tó ń gbé àwo nílé oúnjẹ mìíràn ní òpin ọ̀sẹ̀, kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá yọ owó yẹn, ẹni tó dáná kò tilẹ̀ ní mọ̀."

Ó ṣàlàyé fún èmi tí mo jẹ́ àlejò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ọpẹ́. Láti ọdún 1991 ni iye náà ti dúró lójú kan, òun sì ni Texas ń lò. Bí owó ọpẹ́ kò bá gbé owó òṣìṣẹ́ náà dé dọ́là 7.25 ní wákàtí kan, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ dí àlàfo náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní California, níbi tí owó ọpẹ́ kò ti gbọdọ̀ dín owó iṣẹ́ kù. Ní Texas, ohun tí oníbàárà fi sílẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ènì. Òun ni owó ilé àti owó epo ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, agbáwo tún gbọ́dọ̀ pín nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́.

Bọ̀dá ní, "Ọmọ mi ńkọ́? Bó bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ sí ìyẹn, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló tú u. Wọ́n pe máníjà, wọ́n sọ àṣìṣe ilé ìdáná fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Wọ́n wá pe ọ̀dọ́mọbìnrin náà, wọ́n ní, "O kọ ọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn, máa wo àwo kí o tó gbé e. Ọmọ ẹlòmíràn lè má ní ìyá tó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀." Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. Dọ́là 90 ni owó oúnjẹ wa kí wọ́n tó yọ owó àwo yẹn; dọ́là 18 ni Bọ̀dá kọ sílẹ̀ fún un. Wọn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe méjèèjì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi lò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò dákẹ́, wọn kò sì ta ọfà sí ẹni tó wà nítòsí nítorí pé òun ni ọwọ́ tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jẹun níta, bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó lè tún un ṣe. Bí oúnjẹ kan bá lè ṣe yín ní jàǹbá, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè, kí ẹ sì tún bi ẹni tó gbé àwo dé kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá pọ̀ lórí tábìlì, ẹ ka ìwé owó dáadáa, nítorí àwọn ilé oúnjẹ kan ti fi owó ọpẹ́ kún un fúnra wọn.

Kí n tó padà sílé, a tún lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan náà ló dá wa lóhùn. Nígbà tí ó gbé àwo ọmọ náà dé, kò gbé e kalẹ̀ ná. Ó fi fọ́ọ̀kì tú àlùbọ́sà rẹ̀ lójú wa, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, kó tó gbé e síwájú ọmọ.