Sódábì: Ọtí tí Ogun Gbé Wá Sílé

Ẹmu ọ̀pẹ ni àwọn baba wa fi ń tọrọ ìyàwó, òun náà ni wọ́n ń ta sílẹ̀ fún àwọn alálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ sódábì. Ogun ni ó mú sódábì dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Faransé ń pín wáìnì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lójoojúmọ́: ìdámẹ́rin lítà ní 1914, ààbọ̀ lítà ní 1916. Kí wọ́n tó kọlu ọ̀tá, wọ́n tún máa ń fún wọn ní ọtí líle díẹ̀, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n. Àwọn ọmọ Dàhòmì wà lójú ogun náà. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìdílé Sodabi, kọ́ bí àwọn ará Faransé ṣe ń se wáìnì lórí iná, tí wọ́n ń gba oru rẹ̀ títí yóò fi di ọtí líle. Nígbà tí ó padà dé Allada, òun àti arákùnrin rẹ̀ fi ẹmu ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, kí ó má baà ba ọjà ọtí ilẹ̀ Faransé jẹ́. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń sè é nínú igbó.

Lónìí, sódábì ti gba ipò ẹmu níbi ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọmọ ogun mu ọtí kí ó lè gbàgbé ikú. Àgbà ń ta á sílẹ̀ kí a lè rántí òkú. Díẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá ń mu ún bí ẹni tí ń lọ ojú ogun, ta ni ó ń bá jà?