Ìbọn Ìléwọ́ Nínú Àpò Ìyàwó Ilé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó kan ní àdúgbò wa ní Ṣàgámù mú ọ̀rọ̀ tọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. Obì ni ìyàwó yìí ń kó lọ sí Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó sì máa ń jáde nílé. Àwọn ọlọ́ṣà ti dá ọkọ̀ tí ó wọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gba gbogbo owó ọjà rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹnì kan fẹ́ bá mi ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Inú báàgì ni n ó máa fi í sí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.”

Ìyá náà kò bú u. Ó kàn bi í léèrè pé, “Ìyàwó, bí o bá ti ọjà dé, tí àwọn ọmọ sáré wá tú báàgì rẹ láti wá búrẹ́dì, níbo ni ìbọn náà yóò wà?”

Kì í ṣe ìyàwó yìí nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sí lọ́kàn. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí òpópónà ńlá Èkó sí Ìbàdàn, oríta Ṣàgámù ni ọkọ̀ ti ń yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní, ibi tí owó bá sì ń gbà kọjá, olè kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn aláròóbọ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fẹ́ fi lé e lọ.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu wà ní ìsọ̀rí kan, ìbọn ìṣọdẹ ìgbàlódé wà ní òmíràn. Ìbọn ìléwọ́ kò sí nínú méjèèjì. Inú èèwọ̀ ni òfin kó o sí, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó sì lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun mọ ọlọ́pàá kan tí yóò bá yín ṣe ìwé rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa. Òfin ti ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ. Òmíràn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ₦20,000 lóde òní. Kí ó rántí pé òfin ti 1959 kò dárúkọ owó rárá fún irú ìbọn yìí: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún kan tí ìyá fi sílẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n yóò ti máa múra àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà kí ìyá tó dé.

Bẹ́ẹ̀ ni olówó pọ́ọ́kú yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọkàn tán. Páìpù irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹnu rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì ní ohun tí ń dá a dúró kí ó má baà yìn fúnra rẹ̀. Bí báàgì bá já bọ́, ó lè dún. Bí a bá sì yìn ín, ó lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́ṣà kì í sì í dá nìkan wá. Kí obìnrin tó tú báàgì tán, ìbọn mẹ́ta ti kọjú sí i, àti sí ẹni tí ó jókòó tì í.

Àwọn ìyá wa ní Rẹ́mọ náà máa ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ìró, ṣùgbọ́n tòbí ni. Aṣọ kékeré tí ó ní àpò àti okùn ni, tí a ń so mọ́ ìdí kí a tó ró aṣọ lé e. Àjókù aṣọ tí ó wà nílé tó o rán. Kí ẹ jẹ́ kí àpò rẹ̀ jẹ́ méjì, kí ẹnu rẹ̀ sì ṣe é fi bọ́tìnnì dé. Owó díẹ̀ ni kí ó wà nínú báàgì, èyí tí olè yóò rí gbà tí yóò fi máa lọ. Ẹ má ṣe bá a du ú. Èyí tí ó pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì tàbí orí fóònù kí ẹ tó gbéra. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́, bí ọjà tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ilé, ilẹ̀kùn tí ó le, iná tọ́ọ̀ṣì, ajá, àti aládùúgbò tí ó ń dáhùn ìpè ni agbára wa. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá jẹ́ ọdẹ, kí ó bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ pé kí ó tú ẹ̀tù inú ṣakabùlà kí ó tó wọlé, kí ẹ̀tù àti ìbọn má sì ṣe sùn sí yàrá kan náà.

Ìyàwó àdúgbò wa ti rán tòbí méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ ọjà, ọ̀kan fún ìgbà tí èkejì bá wà lórí okùn aṣọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó bá a wá okùn rẹ̀.