Biosensor: Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń tú àṣírí kòkòrò bakitéríà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?

Bí dókítà bá fura pé bakitéríà ló ń da aláìsàn láàmú, èsì àyẹ̀wò tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àìsàn kì í sì í dúró de èsì.

Nítorí náà, òye ni dókítà sábà máa ń fi yan oògùn apakòkòrò. Bí oògùn náà bá bá kòkòrò mu, ara aláìsàn á yá. Bí kò bá bá a mu, àìsàn á máa jinlẹ̀ sí i, kòkòrò tí oògùn kò ràn á sì máa pọ̀ sí i.

Àlàfo yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní biosensor dí.

Kí ló ń fa ìdádúró èsì?

Bakitéríà kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò á kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sì dúró títí yóò fi pọ̀ tó. Èyí nìkan lè gba odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó ká a.

Báwo ni biosensor ṣe ń ṣiṣẹ́?

Apá méjì ló ní. Apá kìíní ló ń dá kòkòrò mọ̀. Wọ́n lè fi èròjà tí ara fi ń bá àìsàn jà ṣe é, tàbí ègé DNA, tàbí fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé bakitéríà ló ń pa. Bí kọ́kọ́rọ́ kì í ti í ṣí ju àgádágodo tirẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe èròjà yìí kó má baà lẹ̀ mọ́ kòkòrò mìíràn. Apá kejì ló ń ròyìn: yóò sọ ìlẹ̀mọ́ náà di iná mànàmáná tàbí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà.

Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka wọn wò jẹ́ biosensor. Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà ló fi ìpìlẹ̀ irú rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1962. Ṣùgbọ́n bakitéríà ṣòro ju ṣúgà lọ, torí pé iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè kéré gan-an.

Ẹ̀rọ tó gba ẹ̀bùn

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹ̀rọ kan tó wá láti Sweden, PA-100 AST, gba ẹ̀bùn Longitude Prize ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pọ́n-ùn mílíọ̀nù 8. Àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ ló wà fún. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ó ń da ìtọ̀ gba inú àwọn ihò tóóró tí oògùn wà nínú wọn, ó sì ń wo bí bakitéríà ṣe ń dàgbà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15, yóò sọ bóyá bakitéríà wà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 45, yóò sọ oògùn tó ká a.

Kí nìdí tó fi kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn The Lancet gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ ló ṣekú pa èèyàn mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé lọ́dún 2019. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló le sí jù: bí èèyàn 27 nínú 100,000.

Iye owó, iná mànàmáná tí kò dúró àti ohun èlò tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣì jẹ́ ìdènà. Síbẹ̀, àyẹ̀wò kíákíá kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, fọwọ́ sí lọ́dún 2010, ń sọ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì bóyá èèyàn ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti bóyá oògùn rifampicin ṣì ràn án.

Bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn alábọ́dé fún àwọn àkóràn yòókù, aláìsàn lè gba oògùn tó tọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà.