Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Ohun tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ kó tó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹ́ńjìnnì

Bí awakọ̀ kan bá kó gàrí àti epo pupa sínú ọkọ̀ nílùú Igbódìgò láàárọ̀, tó dorí kọ ọjà Òkìtìpupa, èrè tí yóò jẹ lọ́jọ́ náà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bá tàn níwájú rẹ̀, tí èéfín dúdú ń rú ní sálẹ́ńsà, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n bó bá dúró, tí kò sì fẹ́ẹ́ gun òkè mọ́, epo tí ọkọ̀ ń mu lámujù ni yóò jẹ èrè náà tán. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré mọ́ láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó epo sì fò sókè.

Ọ̀kan lára ohun tó máa ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní MAP. Láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì yóò yí ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi dọ́gba. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń díwọ̀n epo nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lóde báyìí, etí nìkan kò sì tó o wò mọ́.

Mánífóòdù ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, nítorí náà agbára afẹ́fẹ́ inú mánífóòdù máa ń lọ sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlẹ̀kùn náà á ṣí, agbára náà á sì gòkè. Sẹ́ńsọ̀ MAP ni ìránṣẹ́ tó ń ròyìn èyí fún kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ iye epo tí yóò tú. Bí ìránṣẹ́ bá jíṣẹ́ èké, ọba á dájọ́ èké.

Ibi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń fi owó ṣòfò nìyí. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojúhò tí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò lè wọ̀. Ẹ̀rọ náà lè gbé P0106 jáde, ìyẹn ni pé ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kò bá ìṣe ẹ́ńjìnnì mu. P0107 ń sọ pé iná tó ń ti ibẹ̀ wá kéré jù, P0108 sì ń sọ pé ó pọ̀ jù. Kò sí èyí tó sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ìránṣẹ́ ń gbà ló bàjẹ́.

Ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wò ó. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, họ́ọ̀sì rọ́bà tín-ínrín ló so sẹ́ńsọ̀ mọ́ mánífóòdù. Bó bá sán tàbí tó yọ, afẹ́fẹ́ ìta ni sẹ́ńsọ̀ yóò máa wọ̀n, kọ̀ǹpútà yóò rò pé awakọ̀ ń tẹ ọkọ̀ gidigidi, yóò sì máa da epo sí i. Kí wọ́n yẹ ibi tí waya ti so mọ́ ọn wò pẹ̀lú, nítorí òjò púpọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹnu waya dípẹtà.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìdáná sí ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀, ẹ̀rọ yẹ kó fi nǹkan bíi kPa 100 hàn. Ní Jos tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, kò ní ju nǹkan bíi 88 lọ. Bí wọ́n bá dáná sí i, ó yẹ kó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 sí 45. Bí kò bá yẹ̀ lójú kan, nígbà náà ni kí oníwaya mú mítà rẹ̀ wá. Waya mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ọ̀kan ń gbé fóòtì 5 wá, ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ̀kẹta ló ń gbé ìròyìn lọ. Bí fóòtì 5 kò bá dé ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́wàá kò lè wo ọkọ̀ náà sàn.

Bí iná bá dé, tí ilẹ̀ dára, tí họ́ọ̀sì kò sì sán, ṣùgbọ́n tí ìròyìn ṣì jẹ́ èké, ìgbà náà ni kí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n tú ìdè kan tàbí méjì tó dè é, kí wọ́n nu èédú tó dí ojúhò rẹ̀, kí wọ́n wo rọ́bà ìdí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì pa àmì àìsàn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó wà á wò.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń lo ọ̀nà yìí. Honda Accord tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1998 sí 2002 ń fi MAP díwọ̀n, ṣùgbọ́n Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008 ń lo sẹ́ńsọ̀ mìíràn tó wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, lẹ́yìn àlẹ̀mọ́ asẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí awakọ̀ tó yọ owó ọjà rẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ̀ pé: kí ni ẹ̀rọ sọ, kí sì ni mítà sọ? Mẹkáníìkì tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì ló mọ àìsàn náà.