Yàrá Kan, Ilẹ̀kùn Méjì

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi kan ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ahunṣọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ti jókòó sídìí òfì, òwú ti nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú oníkálukú wọn. Nínú yàrá tirẹ̀, láptọ́ọ̀pù àlòkù mọ́kànlá ló tò sílẹ̀. Ilé ìwé kan ló ni wọ́n, Debian ni ó sì fẹ́ fi sórí gbogbo wọn.

Dátà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré ní Òkè-Ògùn. Bí láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan bá ní láti wa tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó á tán kí ó tó kan ìkẹrin. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àbúrò mi fẹ́ kọ́ Debian náà, á wá dà á sórí àwọn yòókù. Script kan tí kò ju ìlà 60 lọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ tọ̀ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀.

Debootstrap ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó kó àwọn package Debian wálẹ̀, ó tú wọn sínú fódà kan tí ń jẹ́ rootfs. Mo yọjú wo inú rẹ̀: bin wà níbẹ̀, etc wà, home wà. Ilé ti dúró, kò kàn tíì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni.

Àbúrò mi fi chroot wọlé. Láti 1979 ni chroot ti wà nínú Unix. Ó máa ń jẹ́ kí ètò tó bá wà nínú fódà gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé parí sí. Ó wá tẹ ps kí n lè rí i. Èsì tó jáde nìyí:

Error, do this: mount -t proc proc /proc

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń dùn ún."

Òfìfo ni proc tó wà lórí díìsìkì. Ohun tí à ń kà níbẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe fáìlì tí ẹnì kan tọ́jú. Kernel ló ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí a bá bi í léèrè: àwọn ètò wo ló ń ṣiṣẹ́, mẹ́mọ́rì mélòó ló kù. Sys ń ròyìn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, dev sì ni ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà dé ọ̀dọ̀ díìsìkì àti kíbọ́ọ̀dù. Chroot kò ní kernel tirẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n jọ ń lò. A ní láti so àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ inú rootfs, iṣẹ́ mount sì nìyẹn. Láìsí dev, grub-install á kọ̀ jálẹ̀, á ní òun kò rí díìsìkì.

Ìlà márùn-ún ló fi ṣe é:

mount -t proc proc rootfs/proc
mount -t sysfs sysfs rootfs/sys
mount --bind /dev rootfs/dev
mount --bind /dev/pts rootfs/dev/pts
mount --bind /srv/debs rootfs/var/cache/apt/archives

Ti dátà ni ìlà karùn-ún: package tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni apt-get á lò, kò ní tún un wà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bind, torí kì í ṣe àdàkọ. Ẹ wo yàrá àgbàdo kan ní agbo ilé, tí ilẹ̀kùn kan ṣí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tí èkejì ṣí sọ́dọ̀ àbúrò. Àgbàdo kan náà ni àwọn méjèèjì ń bù. Bí àbúrò bá gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé, tó gbá gbogbo rẹ̀ dànù, ti ẹ̀gbọ́n náà ló gbá dànù yẹn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Ṣakí. Mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lóru, íntánẹ́ẹ̀tì já, set -e dá script dúró, kò sì dé ìdí umount, tó ń tú ohun tí mount so, tí mo kọ sí ìparí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo tẹ rm -rf rootfs. Ó ní Device or resource busy. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ó kọ̀ ni. Kò kọ̀ rárá. Ó ti kó gbogbo inú rẹ̀ tán, fódà òfìfo nìkan ni kò rí yọ. Dev láptọ́ọ̀pù mi padà nígbà tí mo tún un tàn. Package tí mo fi dátà oṣù méjì kó jọ kò padà.

Wọ́n ní kí n máa fi --one-file-system kún rm. Ó ń gba dev, proc àti sys sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n /srv/debs àti rootfs wà lórí díìsìkì kan náà, rm kò lè mọ̀ pé ó ti wọ ilé onílé. Ìyà àwọn mìíràn tilẹ̀ ju tèmi lọ: ní 2016, rm -rf tó wọ efivars lábẹ́ sys, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ohun tó fi ń tàn sí, pa láptọ́ọ̀pù débi pé kò tàn mọ́, àwọn tó ń kọ kernel ní láti wá nǹkan ṣe sí i.

Àbúrò mi kó umount tirẹ̀ sínú cleanup, ó sì kọ èyí sókè pátápátá, kí mount kankan tó wáyé: trap cleanup EXIT. Bí script parí ire, bó kú sójú ọ̀nà, cleanup á ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde: debs, dev/pts, dev, sys, proc. Kí rm tó kàn, á wo /proc/mounts. Bí orúkọ rootfs bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní pa ohunkóhun rẹ́.

Ọ̀sán ni iná lọ. Bátìrì gbé láptọ́ọ̀pù dúró, ṣùgbọ́n router kú, àárín LibreOffice sì ni apt-get wà. Script ṣubú, cleanup dìde: umount: rootfs/dev: target is busy. Kò fọwọ́ kan nǹkan mọ́, ó dúró síbẹ̀. Àbúrò mi tẹ ls -l /proc/*/root, a rí ètò kan tó gbà pé rootfs ni ayé. Ssh ni: apt-get fi í sí i láàárọ̀, ó sì tàn án láìbéèrè. Ó pa á, ó kọ policy-rc.d oníìlà méjì tó parí sí exit 101, kí package kankan má tún tan nǹkan nínú chroot mọ́. Dev jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ṣí /srv/debs wò. Gbogbo rẹ̀ pé. LibreOffice tó já lágbede méjì wà nínú partial. Bí iná bá dé, ibi tó dé ni apt-get á ti máa bá a lọ.