Bí oòrùn kò bá wọ̀, ìgbà wo la ó ṣínu?

Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje lọ́dọọdún, oòrùn kì í wọ̀ ní Tromsø, ìlú etí òkun kan ní òkè àríwá Nọ́wè. Oṣù méjì gbáko. Lásìkò yẹn, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ibẹ̀ a máa kó èrò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọn a tukọ̀ jáde, ó sì lè kọjá agogo méjìlá òru kí wọ́n tó padà sí èbúté, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fìtílà lọ́wọ́. Fídíò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń dé orí fóònù àwa náà. Bí ẹ bá fi han ọmọ Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè ohun tí ẹni tó ya fídíò náà kò rò rárá: Mùsùlùmí tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló ń kí Mọ̀gàríbà?

Ìbéèrè gidi ni, torí pé ní Ìlọrin, oòrùn ló ni aago. Ìlú náà kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, dìgírì mẹ́jọ ààbọ̀ péré ló fi lọ sí àríwá rẹ̀. Ọjọ́ tí ojúmọ́ gùn jù lọ níbẹ̀, nínú oṣù Kẹfà, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 37. Èyí tó kúrú jù, nínú oṣù Kejìlá, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 38. Wákàtí kan báyìí ni ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà Mọ̀gàríbà kì í sún jìnnà: nínú oṣù Kọkànlá oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, nínú oṣù Keje ó di agogo méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Obìnrin tó ń din àkàrà ìṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí mọ ìgbà tó yẹ kó gbé epo kaná láìwo aago kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ọ̀hún ná. Orí erékùṣù ni Tromsø wà. Afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960 ló so ó mọ́ ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọkọ̀ á fi èbúté sílẹ̀, á wọnú omi tóóró tó la àárín àwọn òkè kọjá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fjord. Yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè náà nínú oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n omi kò dì, àní nínú òtútù pàápàá, nítorí pé ìṣàn omi òkun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ti ìhà Amẹ́ríkà bọ̀, ó sì ń gba etíkun Nọ́wè kọjá. Ẹ̀wù òtútù ni gbogbo èrò wọ̀. Ọyẹ́ oṣù Kìíní ní Ìlọrin kì í sábà tutù tó ọ̀sán oṣù Keje ní Tromsø, ó jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ mọ̀ kó tó di ẹrù.

Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tí oòrùn ń gbà rìn. Àwa mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń gòkè tó sì ń sọ̀. Tiwọn, ìbú ló ń gbà. Láti ìwọ̀-oòrùn á máa rọra yí lọ sí ìhà àríwá, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan àríwá gan-an. Agogo méjìlá òru kọ́ ni ìyẹn máa ń bọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí agogo kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, torí wọ́n ti sún aago síwájú pẹ̀lú wákàtí kan nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá na apá yín tààrà lóru ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà, tí ẹ fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín ojú omi àti oòrùn, bí ìbú ìka méjì ni. Dìgírì mẹ́ta. Ibẹ̀ ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí ìlà-oòrùn. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gákọ̀ fi ń wá ibi tí àríwá ti ṣí sílẹ̀ gbàgàdà, torí bí òkè bá dí i, ara ìkùukùu nìkan lẹ ó ti rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìkùukùu fúnra rẹ̀ sì lè ba alẹ́ náà jẹ́ pátá. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó lè bá òjò ṣe àdéhùn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ lójú omi yìí kì í ṣe ti òde òní. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1893 ni Richard With fi ọkọ̀ Vesteraalen gbéra láti Trondheim lọ sí Hammerfest, lójú oòrùn ọ̀gànjọ́, ìyẹn ló sì bí iṣẹ́ ọkọ̀ etíkun tí wọ́n ń pè ní Hurtigruten títí dòní. Ní ti ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ìṣòro. Ìgbà òtútù ni àwọn tó kù nínú iṣẹ́ náà ń sá fún, torí òkùnkùn. Ohun tí With àti atọ́nà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ti ń kọ ìhà tí ọkọ̀ kọjú sí, bó ṣe ń sáré tó àti ìṣẹ́jú tó gbà láti ibì kan dé òmíràn sílẹ̀, kí wọ́n lè fi kọ́ńpáàsì àti aago tukọ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran.

Kí ló wá fa gbogbo èyí? Ayé kò dúró ṣánṣán. Bó ṣe ń yí lórí ara rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń yí oòrùn ká lọ́dọọdún, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dìgírì 23.4, ìhà kan náà ló sì dà sí jálẹ̀ ọdún. Nínú oṣù Kẹfà, orí rẹ̀ ní àríwá ń tẹ̀ sọ́dọ̀ oòrùn. Ilẹ̀ tó bá sún mọ́ orí yẹn dáadáa, bó ti wù kí ayé yí tó lójúmọ́ náà, kò ní bọ́ sínú òjìji ẹ̀yìn ayé tí àwa ń pè ní òru. Ẹnu ààlà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Arctic Circle, ní nǹkan bíi dìgírì 66.5. Tromsø ti kọjá ààlà náà, ó wà ní dìgírì 69.6. Ní Longyearbyen, ní erékùṣù Svalbard, tó wà ní dìgírì 78, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni oòrùn fi ń wà lókè láìwọ̀. Ní ṣóńṣó àríwá ayé gan-an, ó tó oṣù mẹ́fà.

Dídà ayé yìí ń ṣiṣẹ́ lórí Ìlọrin náà, jẹ́jẹ́ ló kàn ń ṣe é. Òun ló ń mú kí oòrùn ọ̀sán dúró ṣánṣán sórí ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní àárín oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Láàárín ìgbà méjèèjì, oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà àríwá kọjá, òjìji yín yóò sì nà sí gúúsù. Ẹni tó bá dúró sí Ọjà Ọba lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà tí òjò kò sú lè wo ilẹ̀ kó rí i.

Bí a ṣe sún mọ́ agbedeméjì ayé ló fà á tí alẹ́ fi ń yára ṣú lọ́dọ̀ wa. Kwara kò ṣàjèjì sí ọkọ̀ ojú omi. Pàtígì, létí odò Ọya, ni wọ́n ti ń ṣe eré ìje ọkọ̀ tó lókìkí tí wọ́n ń pè ní Pategi Regatta. Atukọ̀ tó bá ṣì wà lójú omi níbẹ̀ nígbà tí oòrùn wọ̀ ní bí ogún ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú márùnlélógún péré kí òkùnkùn tó kùn ún, nítorí pé oòrùn tiwa ń já sísàlẹ̀ tààrà ni. Ti àríwá ń fẹ̀gbẹ́ wọ̀, ó sì ń pẹ́ nítòsí ilẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London, wọ́n á sọ fún yín bó ṣe máa ń rí láti lé ọmọ lọ sùn nínú oṣù Kẹfà nígbà tí ìta ṣì mọ́lẹ̀ rekete.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n bu ìmọ́lẹ̀ fún Tromsø jù wá lọ. Bí ẹ bá ro gbogbo wákàtí ojúmọ́ inú ọdún pọ̀, iye tó ń kan ibi gbogbo láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: nǹkan bí ìdajì ọdún. Àwa ń gba tiwa lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń gba owó òòjọ́. Àwọn ń kó tiwọn pọ̀ bí ẹni tí àjọ kàn. Ẹni tó ti kó àjọ yóò sì padà wá máa dá a: láti ìparí oṣù Kọkànlá sí àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ ní Tromsø rárá.

Ẹlòmíràn á tún béèrè pé, bí oòrùn bá wà lókè tọ̀sán-tòru, báwo ni òtútù ṣe wà? Ó yani lẹ́nu pé ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà, agbára oòrùn tó ń dé orí òfuurufú ní ṣóńṣó àríwá láàárín wákàtí 24 ju ti agbedeméjì ayé lọ. Àmọ́ kì í dé ilẹ̀ tán. Oòrùn tó rẹlẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́n ká, ìkùukùu àti yìnyín sì ń dá èyí tó pọ̀ padà sójú ọ̀run. Yíyọ́ yìnyín ló tún ń ná nínú ìyókù.

Ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan ti fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ yẹn tipẹ́. Ọmọ Tógò ni Tété-Michel Kpomassie, wọ́n bí i lọ́dún 1941. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó gun igi àgbọn, tó pàdé ejò lókè, tó sì já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyálóòṣà òjòlá fún ìwòsàn, ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ wá di pé kó lọ sin òòṣà náà ní ìgbẹ̀san oore. Lákòókò yẹn ló rí ìwé kan ní ilé ìtàwé ní Lomé, nípa Greenland, ilẹ̀ tí kò ní ejò, tí kò sì ní igi tí ènìyàn máa gùn. Ó sá nílé. Ó ṣiṣẹ́ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó dé Faransé, ó dé Denmark, ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Copenhagen tó gbé e dé gúúsù Greenland lọ́dún 1965.

Ibi tó gúnlẹ̀ sí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq lónìí, kò wọnú Arctic Circle. Oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kì í ṣú tán nínú oṣù Kẹfà. Ìyẹn kò tó Kpomassie. Àríwá gidi ló wá, ó sì ń ti ìlú dé ìlú lẹ́bàá òkun títí ó fi dé Upernavik, ní nǹkan bíi dìgírì 73, níbi tí oòrùn ti ń lò bí oṣù mẹ́ta lókè láìwọ̀, tó sì tún ń sọnù fún ohun tó ju oṣù méjì lọ nígbà òtútù. Ó gbé nínú ilé tí wọ́n fi ebè koríko mọ níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Robert Mattaaq. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, L'Africain du Groenland, jáde lọ́dún 1981. Lójú tèmi, ìwé yẹn sàn ju ẹgbẹ̀rún fídíò ọkọ̀ alẹ́ lọ, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ jẹ nínú àwo wọn, ó sì dúró di ìgbà tí òkùnkùn dé. Èrò ọkọ̀ kì í dúró dè é.

Àwa tí a kò tíì lọ náà ń jẹ ohun ibẹ̀, a kàn lè má rò ó ni. Pàńlá inú ọbẹ̀ wa, ẹja òkun Lofoten ní Nọ́wè ló pọ̀ nínú rẹ̀, Lofoten sì wà nínú Arctic Circle. Láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi ń so ó rọ̀ sórí igi kí atẹ́gùn tútù gbẹ ẹ́, kí ìgbà eṣinṣin tó dé. Orí rẹ̀, Nàìjíríà ni ọjà rẹ̀ tó tóbi jù.

Ó wá ku Mọ̀gàríbà. Lọ́dún 2015, Rámádáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, ó sì parí nínú oṣù Keje, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ìgbà tí oòrùn kò wọ̀ ní Tromsø. Àwọn áfáà wa ní Ìlọrin mọ hàdíìsì tí wọ́n ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kà, ó wà nínú àkójọ Muslim: Ànábì sọ pé ní ìgbà Dàjáàlù, ọjọ́ kan yóò wà tí yóò gùn tó ọdún kan. Àwọn sàhábà béèrè bóyá ìrun ọjọ́ kan ni yóò tó nínú rẹ̀. Ó ní rárá, kí wọ́n máa ṣírò àkókò. Lórí ìṣírò yẹn ni àwọn onímọ̀ òde òní dúró sí, ṣùgbọ́n aago ta ni a ó fi ṣírò? Àwọn kan ní ti ìlú tó sún mọ́ wọn jù tí òru àti ọ̀sán ti yàtọ̀ síra. Àwọn mìíràn ní ti Mẹ́kà.

Mẹ́kà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Tromsø mú. Bí wọ́n bá ṣínu ní agogo méje ní Mẹ́kà, àwọn náà á ṣínu ní agogo méje aago tiwọn. Ààwẹ̀ wọn wá jẹ́ bíi wákàtí 15, ó fi díẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ fojú inú wo ibi tí oòrùn wà lásìkò náà: ó ga tó ibi tó máa ń wà ní Ìlọrin ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé omi sẹ́nu nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní Òkè Ìmàle, wọ́n á ní ó jẹ ààwẹ̀. Ní Inuvik ní Kánádà, níbi tí oòrùn ọ̀gànjọ́ ti ń bẹ pẹ̀lú, aago Edmonton tó wà ní gúúsù wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ti àwọn sì gùn ju ti Tromsø lọ dáadáa. Mọ́ṣáláṣí Inuvik fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi: Winnipeg ni wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dún 2010, wọ́n fi tírélà gbé e, wọ́n sì fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ gbé e gba odò Mackenzie débẹ̀.

Rámádáànì ń sún síwájú pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń yí padà. Lọ́dún 2030, yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, nínú oṣù Kìíní àti ní òpin oṣù Kejìlá. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn bá bẹ̀rẹ̀, oòrùn kò ní máa yọ ní Tromsø, inú òkùnkùn ni sààrì àti ìṣínu yóò sì bọ́ sí. Nígbà òtútù, aago Nọ́wè àti aago Nàìjíríà máa ń bára mu. Ẹni tó bá ń fi aago Mẹ́kà gbààwẹ̀ níbẹ̀ yóò ṣínu ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ará Ìlọrin yóò ṣì ní bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì láti dúró.